Ìwé-Ẹ̀rí Méjì Lára Ògiri

Ìwé-ẹ̀rí méjì ló wà lára ògiri ìsọ̀ àbúrò màmá mi, ẹni tí gbogbo wa nílé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá. Fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tún ṣe, ìsọ̀ wọn kò sì jìnnà sí ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà. Ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú férémù tó ń dán. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ ló fún wọn ní èyí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń tún fóònù ṣe. Ìkejì ni ìwé fúrídọ̀ọ̀mù tí ọ̀gá wọn fún wọn lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀. Igun kan férémù rẹ̀ ti ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ló ń fún wọn lóúnjẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àkọ́kọ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo lè ṣe é. Ìkejì ló jẹ́ kí n lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún yìí ni èmi náà yóò ṣe ìdánwò WAEC, fọ́ọ̀mù ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan sì ti wà lọ́wọ́ mi. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, màmá mi kò sì tíì fọwọ́ sí i. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí ní gbogbo ìgbà: "Ta ló ń sanwó rẹ̀, títí di ìgbà wo sì ni?" Nígbà tí olùkọ́ wa sọ fún wa nípa ìdíje yìí, mo rí i pé ìbéèrè tí màmá mi ń béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé wa nìkan. Ìbéèrè ìtàn ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń béèrè rẹ̀, ó sì ti ní ìdáhùn tó pọ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ipa owó tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní agbègbè wa, kí a lè mọ ìdí tí òmíràn fi so èso tí òmíràn kò sì so.

Kí ìjọba kankan tó dá owó sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni Yorùbá ti mọ bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, iṣẹ́ ọnà, aró rírẹ àti aṣọ híhun, inú ìdílé ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Baba ń kọ́ ọmọ, ìyá ń kọ́ ọmọ. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ìlú náà di ibi tí wọ́n ń kó irè oko jọ láti gbé lọ sí Èkó, àwọn ilé ìtajà òyìnbó sì ṣí sí ibẹ̀. Iṣẹ́ tuntun dé: télọ̀, káfíńtà, bíríkìlà, awakọ̀, mẹkáníìkì. Ọmọ lè kọ́ iṣẹ́ tí baba rẹ̀ kò mọ̀ rí. Òbí á mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n á dá iye ọdún, wọ́n á san owó díẹ̀, ọmọ á sì fi agbára rẹ̀ san ìyókù. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an, yóò sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba fúrídọ̀ọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á ya fọ́tò.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òwò náà ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ òṣómàáló. Àwọn ni oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń gbé ọjà lọ sí ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá àti òkè ọya, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn. Orúkọ náà wá láti inú ohun tí wọ́n máa ń sọ fún onígbèsè: òṣòó ni àwọn yóò lò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe òwò yìí yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Yóò bá a ru ẹrù, yóò mọ ọ̀nà, yóò mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san. Bí ó bá yá, yóò rí ọjà gbà láwìn láti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta tí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ: ìmọ̀, ohun èlò àti oníbàárà. Ìmọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tajà. Ohun èlò ni aṣọ tó gbà láwìn. Oníbàárà ni àwọn tó ti mọ ojú rẹ̀ nígbà tó ń ru ẹrù kiri. Ohun mẹ́ta yìí ni òṣùwọ̀n tí màá fi wọn gbogbo ètò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Owó ìrànwọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mẹ́nu bà kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀, òṣèré àti olórin, dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ulli Beier, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Yunifásítì Ìbàdàn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Mbárí ti Ìbàdàn tó ṣáájú rẹ̀ ní 1961 rí ìrànwọ́ gbà láti ọ̀dọ̀ àjọ kan tí ó fi Paris ṣe ibùjókòó, tí wọ́n ń pè ní Congress for Cultural Freedom. Nígbà tó di 1966 àti 1967 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé owó CIA, àjọ aṣọ́lẹ̀ Amẹ́ríkà, wà nínú owó tí àjọ náà ń ná. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: owó ìrànwọ́ ní olówó, olówó sì ní ìdí tó fi ń náwó rẹ̀, yálà a mọ ìdí náà tàbí a kò mọ̀ ọ́n.

Ní Òṣogbo, Denis Williams, ọmọ ilẹ̀ Guyana, wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà ní 1962 àti 1963. Georgina Beier tún kọ́ wọn ní 1964. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ kò lọ sí ilé-ìwé ọnà kankan rí. Jímọ̀ Búráímọ̀ ló ń bójú tó iná mànàmáná nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládipọ̀. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Ẹ̀kọ́ náà kò sì gùn. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, Jímọ̀ Búráímọ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí iṣẹ́ ọnà ìlẹ̀kẹ̀, Twins Seven-Seven sì di ẹni tí UNESCO fi jẹ oyè ní 2005 gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán fún àlàáfíà.

Báwo ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀ ṣe di iṣẹ́ tí ènìyàn ń jẹ títí ayé? Ohun tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ náà ni. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ṣì ní ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rí ọ̀dà, wọ́n rí ohun tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó ń ra iṣẹ́ wọn wà: wọ́n ń gbé àwòrán náà lọ fún àfihàn, àwọn àlejò sì ń wá sí Òṣogbo láti rà á. Ìmọ̀, ohun èlò, oníbàárà. Ohun mẹ́ta náà pé. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú nígbà tí àwọn àlejò tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà sílé. Ní 1983, Nìkẹ́ Ọ̀kúndayé dá ibi ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ dé ipò ọ̀gá ló ń náwó lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ní ọdún 1962 yẹn kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan láti fi owó ìjọba kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́ tuntun, nítorí ẹ̀rọ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyẹn fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ aláìní nìkan. Níbi gbogbo tí ẹ̀rọ tuntun bá dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó kí àwọn tí kò lówó lè kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìjọba ológun dá Industrial Training Fund sílẹ̀ ní 1971. Àwọn ilé iṣẹ́ ló ń dá owó sínú rẹ̀, náírà kan nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n bá san fún òṣìṣẹ́. Ìyẹn dára fún ẹni tó ti ríṣẹ́. Àwọn tí kò níṣẹ́ ńkọ́? Ọdún 1986 ló mú ìbéèrè yẹn le. Owó epo rọbì ti wálẹ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò SAP, náírà sọ agbára nù, àwọn tó jáde ilé-ìwé sì ń rìn kiri láìríṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni ìjọba Babangida dá NDE sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987.

Nínú gbogbo ohun tí NDE ṣe, èyí tó wù mí jù ni ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Kò kọ́ ilé ńlá síbi gbogbo kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó mú ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, télọ̀, aṣerédíò tàbí awẹ́dà tó ti wà ládùúgbò, ó sì fi owó ìjọba ran ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn baba wa àti owó ìjọba pàdé ara wọn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó tí yóò fún ọ̀gá rí ọ̀gá kọ́ ọ, ọ̀gá náà kò sì pàdánù. Ṣùgbọ́n owó ìjọba àpapọ̀ ló gbé e ró, nígbà tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá sì dín, iye ọmọ iṣẹ́ náà á dín. NDE wà títí di òní, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ ju ohun tí apá rẹ̀ lè ká lọ.

Ní 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Òṣogbo sì di olú ìlú. Láti ìgbà náà, a ní ìjọba tó sún mọ́ wa tí a lè béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò tó tóbi jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ ni O'YES. Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó gba ipò gómìnà ní oṣù kọkànlá 2010, ti ṣèlérí pé òun yóò gba 20,000 ọ̀dọ́ síṣẹ́ láàárín 100 ọjọ́. Wọ́n gbà wọ́n lóòótọ́. Wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń tún àyíká ṣe, wọ́n ń darí ọkọ̀, wọ́n ń ran àwọn elétò ìlera lọ́wọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba 10,000 náírà lóṣù. Bí a bá ṣírò rẹ̀, mílíọ̀nù 200 náírà nìyẹn lóṣooṣù, tó ń bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń ra ẹ̀wà, gààrí àti ìwé ọmọ wọn ní ọjà Òṣogbo, Iléṣà, Ifẹ̀ àti Ìwó. N kò fojú kékeré wo ìyẹn. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú ètò náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń yọ wọ́n kí òmíràn lè wọlé. Ẹni tó ti ń darí ọkọ̀ fún ọdún méjì, iṣẹ́ wo ló fẹ́ lọ ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló mú kí ìjọba ronú kan ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Báńkì Àgbáyé náà ti kíyè sí ètò yìí. Ní 2013, ó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 300 dọ́là fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní YESSO, láti pèsè iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tálákà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Níbi yìí, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe irú owó yìí ní ọ̀fẹ́. Lóòótọ́, ọ̀dọ́ tó ń gbà á kò ní san án padà. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè yá a ni, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì san án fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òṣómàáló ni Báńkì Àgbáyé náà. Àyàfi pé kì í wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Nítorí náà, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lónìí wà lára àwọn tí yóò san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ẹlòmíràn kọ́ nígbà tí mo ṣì kéré. Ẹ̀tọ́ mi ni láti béèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà mú iṣẹ́ jáde.

Ní àkókò kan náà, ìjọba Ọ̀ṣun pe RLG, ilé iṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà láti Ghana, wá sí ìpínlẹ̀ wa. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ O'YES ní fóònù àti kọ̀ǹpútà títúnṣe lábẹ́ ètò tí wọ́n sọ ní OYESTECH, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Adúláwọ̀ sílẹ̀ ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń to fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n wa wọ̀n ọ́n, èrò náà dára. Ìmọ̀ wà ní ìhín, ilé iṣẹ́ wà ní ọ̀hún. Ní oṣù kẹfà 2013 ni wọ́n tún ṣí Ọpọ́n Ìmọ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé Ọ̀ṣun yóò di ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ohun mẹ́ta ló dí i lọ́nà, wọ́n sì yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjà. Fóònù tí wọ́n ń to ní Iléṣà gbọ́dọ̀ bá fóònù láti Ṣáínà jà nínú ọjà, èyí tó ti kún Nàìjíríà, tó sì rọ̀ lówó. Ẹni tó ń ra fóònù kì í béèrè pé ìlú wo ló fún lọ́mọ níṣẹ́. Iye rẹ̀ ló ń béèrè. Ìkejì ni owó. Owó epo rọbì já wálẹ̀ ní 2014, nígbà tó sì di 2015, ìjọba Ọ̀ṣun kò rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san bó ṣe yẹ. Ilé tí kò rí owó oúnjẹ kì í rántí owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ìkẹta ni ìṣirò. Ní Ghana, RLG wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lábẹ́ ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní GYEEDA. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ghana gbé dìde ní 2013 rí àlébù nínú bí ètò náà ṣe ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ àti bí ó ṣe ń náwó. Ní 2015, wọ́n fi òfin dá àjọ tuntun sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìyẹn ni pé ó rọrùn láti ka iye ọ̀dọ́ tó jókòó nínú kíláàsì. Iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun lẹ́yìn ọdún méjì ló ṣòro láti kà, òun sì ni iye tó yẹ kí a kà.

Èkó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2014 ni Andela bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Dípò kí ó gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń san owó fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń wá iṣẹ́ fún wọn lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè. Owó àwọn olùdókòwò ló fi ń ṣe é. Ní 2019, ó dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ní ìmọ̀, wọ́n ní ohun èlò. Oníbàárà ló kù.

Ìjọba àpapọ̀ kò sì dákẹ́. Ní 2016, ó bẹ̀rẹ̀ N-Power, tó ń san 30,000 náírà lóṣù fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé gíga. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n dá ètò náà dúró. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Bọ́sùn Tìjání, mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, tó ti wà lára àwọn tó dá ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ CcHUB sílẹ̀ ní Yábàá, kéde 3MTT, ètò láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn 30,000 àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún náà. Ìlẹ̀kùn kan tì, ìlẹ̀kùn kan ṣí, nínú oṣù kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí láti ọjọ́ pípẹ́: ètò kan á lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, òmíràn á dé pẹ̀lú orúkọ tuntun. Ọ̀dọ́ tó wà láàárín méjèèjì ni kì í mọ ibi tí yóò yà sí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìsọ̀ Bọ̀ọ̀dá, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti kàn mí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n tó ogójì nínú kíláàsì, bọ́ọ̀dù fóònù mẹ́rin péré ni wọ́n sì ń pín wò. Wọ́n sọ fún wọn pé lọ́jọ́ ìparí, olúkúlùkù yóò gba àpótí irinṣẹ́. Ọjọ́ ìparí dé, wọ́n fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí wọ́n máa retí ìpè. Bọ̀ọ̀dá retí fún ọdún kan gbáko. Irin tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ bọ́ọ̀dù, wọn kò ní. Ìsọ̀, wọn kò ní. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè tún fóònù ṣe, kò sí.

Màmá mi ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá nígbẹ̀yìn. Láti rí owó tí ọ̀gá béèrè, wọ́n ta aṣọ òkè ìgbéyàwó wọn. N kò mọ èyí títí di ìgbà tí mo ń kọ àròkọ yìí tí mo sì ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n kórìíra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní, "N kò kórìíra rẹ̀. Ó ti ná mi lówó rí ni." Ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn ni Bọ̀ọ̀dá ti lo irinṣẹ́ ọ̀gá, tí wọ́n ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀yà fóònù, tí àwọn oníbàárà sì ti mọ̀ wọ́n lójú. Nígbà tí wọ́n gba fúrídọ̀ọ̀mù, ìdajì nínú àwọn oníbàárà wọn àkọ́kọ́ jẹ́ àwọn tí ọ̀gá wọn ní kí wọ́n máa lọ bá wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí a pa gbogbo owó ìrànwọ́ tì, kí olúkúlùkù lọ bá ọ̀gá. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìdílé ló ní aṣọ òkè tí wọ́n lè tà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń gba ọmọbìnrin nídìí iṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni òbí mìíràn kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sí ìsọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bọ̀ọ̀dá fúnra wọn sọ pé ká ní kì í ṣe oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, wọn kì bá má ní ìgboyà láti fọwọ́ kan inú fóònù rárá. Owó ìrànwọ́ ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sábà máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló níṣẹ́, à-fi-orí-tì-í dópin ni.

Ohun tí ìtàn Òṣogbo àti Iléṣà fi kọ́ mi kò ju èyí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ Mbárí Mbáyọ̀ kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ wọn sì dúró, nítorí pé ohun èlò àti oníbàárà tẹ̀ lé ìmọ̀. Àwọn ètò ńlá tó ní bílíọ̀nù náírà pàdánù ọ̀pọ̀ ọmọ wọn, nítorí pé owó tán níbi ìmọ̀. Nítorí náà, bí ìjọba tàbí àjọ kan bá ní owó tí yóò fi kọ́ 1,000 ọ̀dọ́, ó sàn kí ó kọ́ 400, kí ó fi ìyókù ra kọ̀ǹpútà tàbí irinṣẹ́ fún wọn, kí ó fi wọ́n sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣiṣẹ́ náà lójoojúmọ́ bí NDE ti ṣe, kí ó sì máa bẹ̀ wọ́n wò títí ọdún méjì. Kí ó tẹ iye àwọn tó ń jẹun nínú iṣẹ́ náà jáde fún gbogbo ènìyàn rí. Kí ìjọba tuntun má sì pa ètò tó ń so èso rẹ́ nítorí orúkọ ẹni tó gbìn ín.

Èyí tó kù mí kù ni fọ́ọ̀mù mi. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Àkọ́kọ́: ta ló ń sanwó yìí, ìgbà wo ni yóò sì tán? Ìkejì: ṣé màá ní kọ̀ǹpútà tí mo lè lò lẹ́yìn ẹ̀kọ́? Ìkẹta: nínú àwọn tó ṣe tẹ́lẹ̀, mélòó ló ti ríṣẹ́, ṣé mo lè bá ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀? Wọ́n fi sùúrù dáhùn méjì àkọ́kọ́, ìdáhùn wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ti ìkẹta, wọ́n ní kí n padà wá, àwọn yóò wádìí.

Mo délé, mo ròyìn fún màmá mi. Mo rò pé wọn yóò dá fọ́ọ̀mù náà padà fún mi. Wọ́n kà á, wọ́n yí i padà, wọ́n ka ìbéèrè ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n wá mú bíírò, wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní, "Padà lọ lọ́la. Bí wọn kò bá tíì dá ìkẹta lóhùn, jókòó dè wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó."